Ṣé ilé iṣẹ́ ọwọ́ ni kí a kọ́ fún wọn, àbí kí a bá wọn wá iṣẹ́ gan-an?

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ láti Òṣogbo nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Àwa òbí méjìlá la kó ara wa jọ ní àdúgbò wa. Ọmọ kálukú wa ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, wọn kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Mẹ́sàn-án nínú wọn, ọmọbìnrin tèmi pẹ̀lú, kì í tètè lóye ohun tí a bá kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Ọ̀kan jẹ́ adití. Àwọn méjì ṣàìsàn ọpọlọ, wọ́n ti ń lo oògùn, ara wọn sì ti balẹ̀. A ti dáwó, a ti rí ilẹ̀, a sì fẹ́ kọ́ ilé kan tí wọn yóò ti máa hun apẹ̀rẹ̀, tí wọn yóò ti máa ṣe ọṣẹ. Ṣé ọ̀nà tó dára nìyẹn? Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Ohun tó fẹ́ràn jù ni kó máa ká aṣọ. Ta ni yóò máa mójú tó o nígbà tí mi ò bá sí mọ́?"

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àníyàn. Èsì mi sí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má tíì kọ́ ilé náà. Ẹ fi owó tí ẹ kó jọ gba ènìyàn kan tàbí méjì tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti bá àwọn ọmọ yín wá iṣẹ́ ní ibi tí àwọn ará Òṣogbo yòókù ti ń ṣiṣẹ́, tí wọn yóò dúró tì wọ́n níbẹ̀ títí tí iṣẹ́ náà yóò fi mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọn kò sì ní já wọn jù sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò máa pè ní alátìlẹ́yìn nínú ìdáhùn yìí.

N kò kórìíra ilé iṣẹ́ ọwọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó dá a sílẹ̀ sì jẹ́ ènìyàn rere. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ń hun ìdí àga fún ọdún mọ́kànlá. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti olùkọ́ tó kọ́ ọ lọ, síbẹ̀ "akẹ́kọ̀ọ́" ni wọ́n ṣì kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán nìkan ló sì ń gbà. Àwọn àga tó hun kún yàrá kan dé àjà, eruku sì bò wọ́n. Bí àlejò bá ń bọ̀, a óò nù wọ́n, a óò kó wọn síta. Bí àlejò bá ti lọ, a óò kó wọn padà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló wù ú kó ṣe. Ó ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí pé ní tirẹ̀, gbogbo ọdún mọ́kànlá yẹn kò tíì jẹ́ iṣẹ́.

Ìdí tí ó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó rí. Ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ bá kọ́ gbọ́dọ̀ wá oníbàárà fúnra rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò bá ti rọ́bà díje, ọṣẹ rẹ̀ yóò bá ti ilé iṣẹ́ ńlá díje, ẹ̀yin òbí ni yóò sì máa ra ọjà náà nítorí àánú títí tí yóò fi sú yín. Èyí tó tún wúwo ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tí kì í tètè lóye nǹkan sábà máa ń kọ́ iṣẹ́ mọ́ ibi tó ti kọ́ ọ, mọ́ irinṣẹ́ tó fi kọ́ ọ, àti mọ́ ohùn ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ ní gbígbá ilẹ̀ nínú ọgbà yín, ẹ wá mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, yóò dúró bí ẹni tí kò gbá ilẹ̀ rí. Nítorí náà, kí a kọ́ ọ tán kí a tó wá iṣẹ́ fún un jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ kì í sì í dé ẹ̀ẹ̀kejì yẹn láéláé. Ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ gan-an ni kí ó ti kọ́ iṣẹ́.

Ní Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Marc Gold gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1972. Ó mú àwọn tí wọ́n ti fi sí irú ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí mo sọ yìí, àwọn tí gbogbo ayé gbà pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n máa kó nǹkan kéékèèké sínú àpò, ó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń to ìjánu kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní ẹ̀yà 15 pọ̀ títí tí yóò fi pé, lẹ́yìn náà ó gbé èyí tó ní ẹ̀yà 24 fún wọn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó to àwọn ẹ̀yà náà sínú àwo gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ṣe máa mú wọn tẹ̀léra, ó sì ń fi ọwọ́ tọ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n tò. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti yí padà: bí ẹnì kan kò bá mọ iṣẹ́, ẹni tó ń kọ́ ọ ló yẹ kó wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀mọ̀wé mìíràn, Paul Wehman, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Richmond, ní Ìpínlẹ̀ Virginia, ti ń mú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ gidi pẹ̀lú alátìlẹ́yìn, ìjọba Amẹ́ríkà sì fi ètò náà sínú òfin ní ọdún 1986.

Ní ti àwọn méjì tí àìsàn ọpọlọ ṣe, ẹ̀rí tó wà fún wọn lágbára jù. Àwọn onímọ̀ méjì, Robert Drake àti Deborah Becker, ló ṣètò tiwọn ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà: ẹni tó bá ti sọ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá a lọ́sẹ̀ yẹn, kí a má ṣe ní kó kọ́kọ́ lọ lo ọdún méjì nílé ìkọ́ṣẹ́, kí ẹni tó ń bá a wá iṣẹ́ sì máa bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ dán an wò ní ìlú mẹ́fà ní Yúróòpù, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ènìyàn 312 ló wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n bá wá iṣẹ́ lọ́nà yìí, 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí iṣẹ́ ṣe. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí ìkọ́ṣẹ́, 28 péré ni. Ẹ má sì rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni. Ní Abẹ́òkúta níbí, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ní kí àwọn aláìsàn tó wá sí ilé ìwòsàn Arò máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ẹbí kan tẹ̀ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wá, kí wọ́n máa gbọ́ oúnjẹ, kí wọ́n máa bá ará abúlé ṣe, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú lọ. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ wa.

Bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ wa kò jìnnà sí i. Ọmọ tó fẹ́ di télọ̀ kì í lọ kàwé nípa aṣọ kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ; ọjọ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ ibẹ̀, tó ń kó bọ́tìnnì jọ, tó ń wo ọwọ́ ọ̀gá. Ohun tó ń lé àwọn ọmọ tiwa kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni pé ọ̀gá kò ráyè wí ohun kan náà ní ìgbà ogójì, àwọn ọmọṣẹ́ yòókù ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ọdún mẹ́ta sì pé láì sí ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Alátìlẹ́yìn ni yóò dí àlàfo yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jọ àwọn mẹ́sàn-án yín, ibi tí wọ́n ti ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ni a bá a wá iṣẹ́ sí. Kò mọ òǹkà kọjá márùn-ún, ìyá rẹ̀ sì ní kò ní lè ṣe é. Alátìlẹ́yìn kọ́kọ́ lọ fi ọjọ́ méjì kó ẹyin fúnra rẹ̀, ó sì kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá. A rí i pé iṣẹ́ náà kò nílò òǹkà rárá, nítorí pé kíréètì ẹyin ti bá a ka iye rẹ̀: ihò ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, bí ihò kankan kò bá ṣófo mọ́, ẹyin ti pé ọgbọ̀n. Ibi mẹ́ta ló ti ń kọsẹ̀. Kì í fi orí ṣóńṣó ẹyin sísàlẹ̀. Alátìlẹ́yìn kò bá a jà, ó kàn ń gbé àtàǹpàkò ọmọ náà lé orí ṣóńṣó yẹn kó tó gbé e sínú ihò, nígbà tó yá àtàǹpàkò náà ń wá a fúnra rẹ̀. Bí kíréètì bá kún, ó máa ń to ẹyin mìíràn lé e lórí. A wá ń gbé kíréètì òfìfo sọ́wọ́ òsì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú òmíràn. Ẹ̀kẹta ni ẹyin tó ti sán, tí ojú rẹ̀ kò ń tètè rí. A so bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ tó ń tì fún irú ẹyin bẹ́ẹ̀, alátìlẹ́yìn sì kọ́ ọ kí ó máa fi ẹyin méjì kan ara wọn díẹ̀díẹ̀ létí: èyí tó dá ṣáṣá máa ń dún ketekete, èyí tó sán máa ń dún bí ohun tó rọ̀. Láàárín oṣù méjì, ó ti ń rí ẹyin tó sán tí ọ̀gá ibẹ̀ gan-an kò rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, alátìlẹ́yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí wọn yóò fi ṣíwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ní oṣù kejì, ó ń dé ní aago mẹ́wàá, ó ń lọ ní aago méjìlá. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó kàn ń pe ọ̀gá lórí fóònù ní ọjọ́ Ẹtì ni. Ní oṣù keje, wọ́n pààrọ̀ kíréètì pépà sí ti rọ́bà, ọmọ náà sì dúró gbagidi, kò fọwọ́ kan nǹkan kan ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá ti fẹ́ sọ pé ó ti sú òun. Alátìlẹ́yìn padà lọ fún ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ parí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a má já wọn jù sílẹ̀: ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń pàdánù, ìyípadà kékeré báyìí ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe àìmọṣẹ́.

Ẹ wá alátìlẹ́yìn tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tó ní sùúrù, tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Nínú àwọn tó jáde ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, ẹ óò rí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ nípa irú àwọn ọmọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹni tó jẹ́ pé bíbọ́ sójú pátákó ìkọ̀wé ló mọ̀. Obìnrin tó ti ta oúnjẹ fún ogún ọdún, tó sì mọ bí a ṣe ń ní sùúrù fún ọmọdé, lè ṣe é dáadáa bí ẹ bá fi í ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí alátìlẹ́yìn tó lọ bá ọ̀gá kankan, kó kọ́kọ́ mọ ọmọ náà. Kò dìgbà tí ẹ bá fún un ní ìdánwò lórí ìwé. Kó bá a lọ sọ́jà, kó wò ó nílé lásìkò oúnjẹ, kó mọ ariwo tó ń dẹ́rù bà á àti ohun tó lè ṣe fún wákàtí kan láì sú u. Lẹ́tà yín ti sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa ọmọ tiyín: ó ń ká aṣọ. Òṣogbo ìlú aró ni ẹ ń gbé. Ibi tí wọ́n ti ń pa adìrẹ láró níbẹ̀ pọ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ pọ̀, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ní aṣọ ibùsùn tí wọ́n ń ká lójoojúmọ́. Ẹ lọ wo ẹni tó ń lọ aṣọ, tó ń ká a, tó ń dì í sí márùn-ún márùn-ún fún àwọn oníbàárà. Bí ọ̀gá ibẹ̀ bá ń dáwọ́ aró dúró kó lè ká aṣọ, iṣẹ́ ọmọ yín ti wà níbẹ̀, a kàn kò tíì yọ ọ́ kúrò lára iṣẹ́ mìíràn ni.

Bí ẹ ó ṣe bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nìyẹn náà. Ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ fún un pé kó ṣe é nítorí Ọlọ́run, nítorí ẹni tó bá gbà yín nítorí Ọlọ́run yóò lé yín ní ọjọ́ tí ọjà kò bá tà. Ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ wo ló ń gba àkókò àwọn òṣìṣẹ́ yín, tí ẹ ì bá fẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá wọn ṣe?" Nílé búrẹ́dì kan tí mo mọ̀, ẹni tó ń wo ààrò ló tún ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ó máa ń pẹ́ lọ́hùn-ún tí búrẹ́dì fi ń jóná. Ìbéèrè yẹn nìkan ló mú kí ọ̀gá ibẹ̀ rí i pé òun nílò ẹni tí yóò máa kó búrẹ́dì sọ́ràá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ fún un pé alátìlẹ́yìn yóò wà níbẹ̀, àti pé ẹ̀yin ni yóò san owó alátìlẹ́yìn, kì í ṣe òun.

Owó òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ ọ̀gá, kó sì jẹ́ iye tó ń san fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ láti ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òfin yẹn kò de ibi tí òṣìṣẹ́ kò tó 25, irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yín yóò sì wà, nítorí náà ẹ wo ohun tí àwọn yòókù ń gbà. Bí ìṣirò bá jẹ́ ti iye ẹrù tó dì, kí ó jẹ́ bákan náà fún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á lé ọmọ náà lọ́wọ́. Mo ti rí òbí tó ń lọ gba owó ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọmọ náà kò sì mọ ohun tó ń tìtorí ẹ̀ jí ní òwúrọ̀ mọ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ń dá èésú, kí òun náà dá a, kí wọ́n kó o fún un lọ́jọ́ tó bá kàn án.

Ti adití yín yàtọ̀ pátápátá. Kò ṣòro fún un láti lóye, nítorí náà kò nílò alátìlẹ́yìn tí yóò máa tọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè àwọn adití ni kó bá a lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì kọ́ ọ̀gá àti àwọn òṣìṣẹ́ ní ogún tàbí ọgbọ̀n àmì tí wọn yóò máa lò lójoojúmọ́. Ní ti àwọn méjì tó ń lo oògùn, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn pinnu bóyá ọ̀gá yóò mọ̀ nípa àìsàn náà, kí ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí ilé ìwòsàn sì wà nínú àdéhùn iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin náà sọ pé ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ wà fún wọn bíi ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ yẹn dù wọ́n lè san owó tí kò ní dín ní 250,000 náírà fún àkàndá ẹ̀dá tó fi ẹ̀tọ́ náà dù, bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló ṣe é, kò ní dín ní 500,000. Ó tún ní kí àwọn ibi iṣẹ́ ìjọba rí i, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, pé àkàndá ẹ̀dá kò dín ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ gbé ìwé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ yín àti àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sì tọ́ka sí òfin náà. Ṣùgbọ́n fún oníṣòwò kékeré, n kò ní gbà yín níyànjú pé kí òfin jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu yín jáde. Ẹni tí a fi òfin mú kì í kọ́ni ní iṣẹ́ tọkàntọkàn.

Ẹ̀rù ọ̀nà àti ẹ̀rù ìwà ìkà ń bà yín, ó sì yẹ kó bà yín. Kí alátìlẹ́yìn bá ọmọ rìn lọ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kó máa jẹ́ kó síwájú, kó máa tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn, títí tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Fún àwọn ọmọbìnrin, mo ní òfin kan tí n kì í yí padà: n kì í gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ibi tí ọmọbìnrin náà àti ọkùnrin kan ṣoṣo yóò ti máa dá wà, bó ti wù kí ọkùnrin náà jẹ́ ènìyàn rere tó. Ẹ yan obìnrin kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kí ó jẹ́ ẹni tí ọmọ náà fẹ́ràn fúnra rẹ̀, tí yóò máa sọ fún.

Obìnrin bẹ́ẹ̀ ló mú mi dé ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan tí a bá wá iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ, ìyá rẹ̀ kú lójijì ní ọdún kẹrin tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí àwọn ẹbí tó jókòó sọ̀rọ̀ pé ta ni yóò mú un, àwọn tí wọ́n jọ ń fọṣọ ti wá sílé. Wọ́n mọ̀ pé kì í jẹ ẹ̀wà. Wọ́n mọ̀ pé bí òjò bá ń sán ààrá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀kan nínú wọn ń kọjá mú un láràárọ̀ títí tó fi lè padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé báyìí, ó ń dá owó oúnjẹ rẹ̀. Nínú ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú tó mọ àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú mẹ́ta, kí ọmọ tiyín jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Fún oṣù kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nílé sílẹ̀: irú aṣọ tó ń ká, bó ṣe ń tò ó, ìgbà tó ń sú u, ohun tó ń ṣe bí ẹnì kan bá tú u ká. Ẹ fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi. Òun ni alátìlẹ́yìn yóò kọ́kọ́ kà kó tó rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró.